Gbogbo Wa Ni Eyín Ń Dùn

Àkọ́bí mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, mo mọ ara mi, màá kí ọ títí ìwé yóò fi kún, n kò sì ní sọ ọ́ mọ́. Eyín iwájú mi ti lọ. Ti òkè ni, apá ọ̀tún, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbé èjí mi dúró, èjí tí o jogún lára mi, tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé òun ló jẹ́ kí àwọn gbàgbé ibi tí àwọn ń lọ lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ rí mi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹ́ kí o rí ojú mi ní gbogbo ìgbà tí o pè, tí mo ní kí Ìyá àgbà sọ fún ọ pé mo wà nídìí aṣọ fífọ̀. Aṣọ wo ni mo ní tí n óò máa fọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́? Má sunkún o. Ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo bá wá, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló kàn burú.

Ó yá, mo wá kí ọ wàyí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ń gbádùn, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ orókún kan tí ẹ̀yin ọmọ ìgboro máa ń ṣe yẹn. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Ìwé tí ò ń kà yóò jókòó sínú orí rẹ, kò ní gba etí kan wọlé gba èkejì jáde. O ò ní ṣìnà ní ìlú ńlá tí gbogbo ilé rẹ̀ jọra wọn yẹn. Ẹni tó bá ń wá ọ láti bá ọ jà yóò dé ẹnu ọ̀nà, yóò gbàgbé ohun tó bá wá. Ṣe àmín.

Àwa náà wà níbí, nínú ilé gígùn tí wọ́n kó àwa ogunléndé sí lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ti fi pátákó rọ́pò kọ́tìnì tó wà láàárín yàrá wa àti ti Télọ̀, nítorí náà a kì í rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, bí ó bá sì ti dákẹ́ díẹ̀, Ìyá àgbà á kan pátákó láti béèrè bóyá ó ti kú. Àbúrò rẹ ti ga, gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ti sún sókè kọjá kókósẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rìn lójú ẹrẹ̀. Ó ti gbọ́ èdè ìlú yìí débi pé ó fi bú mi lọ́jọ́ kan, mo sì ń rẹ́rìn-ín, mo ń gbá a mọ́ra, nítorí mi ò mọ̀ pé èébú ni. Ní ti ìwé ìgbélùú wa, wọ́n ṣì ní ká máa retí. À ń retí.

Ọ̀rọ̀ eyín yìí, o mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. O rántí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wa sá kúrò nílé, ìgbà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì lójijì tí mo fi ẹnu gbá irin, torí pé ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ìwọ àti àbúrò rẹ. Ẹ̀jẹ̀ dá, a sì gbàgbé rẹ̀, ta ló ráyè eyín lọ́jọ́ yẹn? Nígbà tí a dé ìhín, eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí omi tíì, lẹ́yìn náà ó ń dúdú díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ta mí bí mo bá mu omi tútù. Mo ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mo ń lo oògùn ara ríro, mo ń fi ahọ́n tì í jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún kó lè sùn. Ó máa ń sùn lóòótọ́. Kò kàn kì í pẹ́ kó tó jí.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò lọ sí ilé ìtọ́jú eyín ti ìjọba tó wà nígboro, nígbà tí wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná wa. Ìwé yẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù. Wọ́n ya eyín kan sí i tó ní ojú, tó ní ẹsẹ̀, tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè bí ẹni tó fẹ́ na èèyàn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò tẹ̀ lé irú ìyẹn délé? Yàtọ̀ sí ìyẹn, Bàbá Onígbàjámọ̀ tó ń gé irun fún wa lẹ́yìn ilé, tí kò sí ohun tí wọn ò mọ̀, ti sọ fún gbogbo wa pé ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń ya fọ́tò eyín, pé bí ó bá ti ya tìrẹ báyìí, ó ti rí ọjọ́ orí rẹ pátápátá, ọdún àti oṣù àti ọjọ́, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú kí o tó dìde. O ṣáà mọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí wa. Lọ́jọ́ tí a wọ ìlú yìí, èèyàn mélòó nínú wa ló mú ìwé ọjọ́ ìbí sá ogun? Ọ̀gá tó ń kọ orúkọ wa bi wá títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ló bá kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún gbogbo wa, láti orí Ìyá àgbà dórí ọmọ ọwọ́. Bàbá Onígbàjámọ̀ ní bí ẹ̀rọ bá fi rí i pé a kì í ṣe ọmọ ọjọ́ kan náà, wọ́n á ní a purọ́, ìwé ti bọ́ nìyẹn. Èmi tí mo ka sẹ́kọ́ńdìrì yanjú, ó yẹ kí n mọ̀ pé eyín kò lè mọ oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo ro tìrẹ, mo ro ti àbúrò rẹ, mo pa ẹnu mi dé.

Àfi ìgbà tí mo jí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan tí ètè òkè mi ti yọ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fọn fèrè, imú mi ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú mi ọ̀tún sì ń pa dé lọ. Ara mi gbóná bí ààrò. Àbúrò rẹ wò mí, ó sá sẹ́yìn Ìyá àgbà, ó ní òun fẹ́ mọ́mì òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju eyín lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń rò ó pé bí wíwú yìí bá gba ojú, tó gba orí, bàbá yín kò sí mọ́, ọwọ́ ta ni mo fẹ́ fi yín lé? Télọ̀ gbọ́ tí mò ń sunkún láti ẹ̀yìn pátákó, ó sáré wọlé, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó tó, ó ní à ń lọ, pé òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fún òkú ní ìwé ìgbélùú.

Ìwọ náà mọ̀ wá. Níbo ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá dá jáde láàárín wa? Ìyá àgbà wá bàtà wọn, wọ́n fa àbúrò rẹ lọ́wọ́. Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Àwọn ará yàrá òdìkejì ní àwọn ò lè jókòó sílé kí wọ́n lọ fa eyín ẹni àwọn níbi tí kò sí ojúlùmọ̀. Bàbá Onígbàjámọ̀ náà ní àwọn ń bọ̀, kì í ṣe pé wọ́n fara mọ́ ọn o, wọ́n ní kí àwọn lè ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí wọ́n bá ń kó wa. Nígbà tí a fi wọ bọ́ọ̀sì tán, awakọ̀ ò lè gbé ẹlòmíràn mọ́.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú náà ń mu kọfí lọ́wọ́ nígbà tó rí wa tí à ń ya bọ̀ láti ojú títì, èmi láàárín tí wọ́n fi ìborùn bò lójú, Ìyá àgbà níwájú tí wọ́n ń fi ọ̀pá la ọ̀nà. Ó rò pé ìwọ́de ni. Ó ti géètì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú rédíò kékeré èjìká rẹ̀. Nínú gbogbo àwa àgbàlagbà, Télọ̀ nìkan ló gbọ́ èdè ìlú yìí díẹ̀, ẹnu àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ, nítorí náà kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ọ̀rọ̀ aṣọ lọ. Ó bọ́ síwájú, ó ṣí ìborùn kúrò lójú mi, ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ náà pé ojú ẹ̀gbọ́n òun ti fún jù, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun tú u kí ó tó ya, àti pé òní ni òun fẹ́ gbà á, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ náà wò mí, ó gbé kọfí sílẹ̀, ó ṣí géètì kíá. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ dí àwọn yòókù lọ́nà, ó ní ẹni tí eyín ń dùn nìkan ló lè wọlé, kí gbogbo ìyókù dúró sójú títì. Mo di Télọ̀ mú, mo ní mi ò ní dá wọ ibẹ̀ láéláé, kí wọ́n gbé mi padà sílé kí n lọ kú sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ti yí ẹsẹ̀ padà gan-an. Ni Télọ̀ bá gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ mú, ó ní yéè. Ìyá àgbà wò ó, ó yé wọn, àwọn náà gbá àgbọ̀n mú, wọ́n ní eyín ń pa àwọn kú lọ, bẹ́ẹ̀ eyín ẹnu wọn kò ju ohun tí èèyàn lè fi ojú kan kà. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ìlà ti di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń kérora lóríṣiríṣi. Bàbá Onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ di ọ̀tún mú, nígbà tó ṣe, wọ́n gbàgbé, wọ́n di òsì mú. Ẹ̀ṣọ́ náà wo ọ̀run, ó yà kúrò lọ́nà, gbogbo wa sì wọlé.

Inú ilé náà mọ́ débi pé a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kankan ò ní ká bọ́ ọ o. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì tó ní ihò wẹ́wẹ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ẹnu wò, pé ihò yẹn ló ń gbà wo eyín, mo bá tẹ̀ síwájú, mo la ẹnu, mo fi ètè mi lé gíláàsì náà. Ọmọ náà fà sẹ́yìn pẹ̀lú àga rẹ̀. Ó gbé fóònù kan sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn bàbá àgbàlagbà kan sì jáde ní èdè wa, ó mọ́ kedere bí ẹni pé yàrá kejì ni wọ́n wà. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni láti máa túmọ̀. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í gbé inú fóònù, ṣùgbọ́n ohùn yẹn dàgbà, mi ò mọ ìgbà tí orókún mi kanlẹ̀. Gbogbo obìnrin yòókù kúnlẹ̀ tẹ̀ lé mi, Bàbá Onígbàjámọ̀ na ọwọ́ kan sílẹ̀. A kí wọn, wọ́n kí wa. A béèrè ilé, wọ́n ní ilé wà. Wọ́n béèrè ibi tí a gbà wá sí ìlú yìí, a sọ fún wọn, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ṣàdúrà. Ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì béèrè pé kí là ń sọ tó pẹ́ tó báyìí, Bàbá inú fóònù sì dá a lóhùn pé a ń kí ara wa ni, pé kò tíì tán.

Ìgbà tó béèrè ọjọ́ ìbí ni wàhálà dé. Mo ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá àgbà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ó gbójú sókè. Télọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ó dáwọ́ dúró. Nígbà tí ẹlòmíràn tún fi sọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní ṣé a wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé iṣẹ́ ni òun ń ṣe. Mo ní ó ti parí, eyín ò tíì dé iwájú ẹ̀rọ rárá tí àṣírí fi tú. Bàbá Onígbàjámọ̀ ti ń wá bàtà wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá inú fóònù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́, lẹ́yìn náà wọ́n bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ wa, wọ́n ní ohun tí àwọn sọ fún un ni pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́, pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún ẹni tó sá ogun dé láìní ìwé nìyẹn, pé àwọn náà tó ń túmọ̀ yìí, bí ó bá wo inú ìwé tí wọ́n fi gba àwọn síṣẹ́, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ló máa bá níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà dìde, ó jáde láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó ní ká má bínú. Ó ní ilé ìtọ́jú eyín ni ibẹ̀, àwọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú, eyín nìkan ló kan àwọn, a ò sì ní san nǹkan kan. Gbogbo wa yíjú sí Bàbá Onígbàjámọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti kọjú sí ògiri, wọ́n ń ka ìwé tó wà níbẹ̀, ìwé tó jẹ́ pé èdè tí wọn ò gbọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́.

Dókítà eyín náà kéré, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè jẹ́ àbúrò mi. Wọ́n gbé Bàbá inú fóònù tẹ̀ lé mi wọlé, wọ́n gbé wọn sórí àwo irin. Àga tí mo jókòó lé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú sẹ́yìn, mo pariwo, mo di dókítà náà lọ́rùn mú kí àwa méjèèjì má baà ṣubú, àṣé bí àga náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ní kí n la ẹnu. Bàbá túmọ̀ rẹ̀. Nítorí pé àwọn ló bá mi sọ̀rọ̀, mo yíjú sí fóònù náà, mo la ẹnu sí wọn gbàgà kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ó pẹ́ díẹ̀. Bàbá ní ṣé mo ti là á? Dókítà ń fi apá nu omi ẹ̀rín lójú.

Nígbà tó yá, ó ń tọ́ eyín mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe nọ́ńbà, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo eyín mi ló ti ní nọ́ńbà báyìí. Èmi tí mo gbé wọn wọ̀lú, mo ṣì ń retí tèmi. Ó ya fọ́tò rẹ̀. Mo ní kí Bàbá bá mi béèrè bóyá ó rí oṣù tí wọ́n bí mi. Ó ní ohun tí òun rí ni ọyún, àti gbòǹgbò eyín tó ti là sí méjì, pé eyín náà ti kú tipẹ́, bí kò bá sì jáde lónìí, ọyún náà lè gba ojú, ó sì lè gba ibi tó burú ju ojú lọ. Mo ní èjí mi ńkọ́? Dókítà rò pé orúkọ èèyàn ni, ó ní kí onítọ̀hún ní sùúrù, kó dúró níta.

Mo gbà. Ó gbé abẹ́rẹ́, láti ìgbà tó sì ti gbé abẹ́rẹ́ yẹn ni mo ti ń pe ọmọdébìnrin náà ní ẹ̀yin, n kò sì tíì dá a dúró di òní. Ètè mi pòórá. Mo ní kí Bàbá bá mi béèrè bóyá ó ṣì wà lójú mi, dókítà fi dígí hàn mí, ó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Páìpù kékeré kan ń mu itọ́ mi, mo fi ahọ́n mi pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà mu òun náà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró kan nínú orí mi bí ìgbà tí wọ́n ń fa ìṣó lára pátákó. Kò dùn mí. Ọmọ mi, kò dùn mí rárá. Nǹkan gbígbóná kan ṣàn jáde, ìrora tó ti ń bá mi gbé láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù yẹn sì lọ, ó lọ ráúráú. Mo sunkún. Bàbá inú fóònù ní ṣé wọ́n ń pa mí lára ni, mo ní rárá, bàbá, ó fúyẹ́ ni.

Nígbà tí mo jáde tí òwú wà lẹ́nu mi, ojú mi ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í là, gbogbo wọn dìde, wọ́n hó yèè, ẹ̀ṣọ́ sáré wọlé láti géètì. Àbúrò rẹ wò mí fínnífínní, ó ní mọ́mì òun ti dé. A rò pé ó parí, a ti ń wọ bàtà. Ni ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì bá pe Ìyá àgbà. Ó pe Télọ̀. Ṣebí eyín ń dùn wá! Télọ̀ fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n dókítà ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí àlejò rẹ̀ dé. Ó ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún àwa ogunléndé láti ọjọ́ pípẹ́, òun nìkan ló sì máa ń jókòó, pé àwọn ọ̀gá òun ti ní àwọn máa fi òpin sí i, nítorí ó dà bí ẹni pé eyín kì í dun àwọn ogunléndé. Télọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ padà. Ó ní ta ló ní kì í dùn wá? Ó sì wọlé.

Ìwọ ì bá wà níbẹ̀! Òwú ìránṣọ tí Télọ̀ máa ń fi eyín já ti gbẹ́ kòtò sí eyín rẹ̀, dókítà dí i, ó ní kó lọ ra àlùmọ́gàjí. Wọ́n bá kùkùté eyín kan lábẹ́ èrìgì Ìyá àgbà, òun ni gbogbo wa ti ń pè ní etí dídùn láti ọdún yìí, wọ́n yọ ọ́. Ìyá àgbà ní kí dókítà wo fọ́tò dáadáa, kó sọ ọjọ́ orí àwọn. Dókítà ní ẹ̀rọ òun kò mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n egungun àgbọ̀n wọn le bí ti ọ̀dọ́. Ìyá àgbà kọ̀ láti dìde lórí àga àfìgbà tí Bàbá inú fóònù tún un sọ lóhùn rara kí àwọn tó wà níta lè gbọ́.

Nígbà tó kan Bàbá Onígbàjámọ̀, a ò rí wọn. Wọ́n ti lọ ti ara wọn mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá àgbà fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn, pẹ̀lú òwú lẹ́nu, wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí jáde wá jẹ́rìí. Eyín inú tó ti jẹrà ló wà lẹ́nu wọn, wọ́n ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun kí a tó mọ̀ wọ́n. Télọ̀ ní wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ̀rọ ti rí oṣù àwọn, dókítà ní ohun tí ẹ̀rọ rí ni ṣúgà, ó gbẹ́ ibi tó jẹrà kúrò, ó dí i. Wọ́n jáde láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ ẹ̀pà níwájú gbogbo wa, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ ẹ́.

Ní ti èjí mi, mo padà lọ nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, dókítà ní àwọn máa ṣe eyín àtọwọ́dá fún mi, ọ̀fẹ́ náà ni. Ó wá yọ̀ mọ́ mi, ó ní òun ti bá ẹni tó ń ṣe eyín sọ ọ́, pé kó ṣe é fẹ̀ díẹ̀ kó lè dí àlàfo burúkú tó wà láàárín iwájú yẹn pa, pé ẹ̀bùn òun ni. Mo dìde lórí àga. Mo ní kí wọ́n bá mi pe Bàbá inú fóònù. Wọ́n pè wọ́n, mo ṣàlàyé, Bàbá ní kí n fi sílẹ̀ fún àwọn. Wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ṣùgbọ́n mo rí ojú dókítà bó ṣe ń yí padà, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo wúrà, Bàbá ní ó ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé ṣé òótọ́ ni pé àwọn kan wà tó ń fi owó ṣe é sẹ́nu. Bàbá ní àwọn sọ fún un pé ìyàwó àwọn náà ní i, pé àwọn ò sì tíì rí ẹwà tó tó o. Àkọ́bí mi, wọ́n ti ṣe eyín náà. Wọ́n fi èjí sí i. Bí mo bá rẹ́rìn-ín báyìí, ìwọ ni mò ń rí nínú dígí.

Ọjọ́bọ̀ wa kò parí mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ará ilé gígùn kejì náà wá. Ẹ̀ṣọ́ kì í ti géètì mọ́ bó bá rí wa, àwọn ọlọ́jọ́ ìbí ló ń pè wá. Bàbá Onígbàjámọ̀ ló sì ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ síbẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé ẹ̀rọ fọ́tò fún wọn bí ẹni tó rà á, wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò léwu. Èmi, iṣẹ́ tèmi ni pé kí n jókòó ti ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ṣe gan-an.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí ohun kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín onírun rírọ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá àgbà, èyí tó wà níbí le, wọ́n ní ó dà bí ìgbálẹ̀. Èkejì ni pé ẹ̀gbọ́n mi pè mí, wọ́n ní ò ń fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí o bá ń kàwé lálẹ́, pé o ò jẹ ẹran mọ́, pé bí wọ́n bá bi ọ́, wàá ní kò sí nǹkan. Ọmọ mi, mo mọ kò-sí-nǹkan yẹn. Èmi ni mo bí ọ. Ilé ìtọ́jú eyín ti ìjọba wà ní ìlú ńlá náà, dókítà mi ti sọ fún mi, kò sì sí ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé. Lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Má dá lọ. Mú ẹ̀gbọ́n mi dání, mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, bí wọ́n bá ní ẹni tí eyín ń dùn nìkan ló lè wọlé, o ti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o mọ ìrora tí o ò rí ẹni sọ ọ́ fún. Ẹnu rẹ yóò máa jẹ ohun tó dùn, yóò máa sọ ohun tó dára. Ìgbà tí a óò tún rí ara wa kò ní pẹ́, ẹ̀rín la ó fi pàdé.

Èmi ni ìyá rẹ.

Jọ̀wọ́, bí o bá ti kúrò lọ́dọ̀ dókítà, fèsì sí mi kíákíá.